Ẹni Tó Ń Rìn Lẹ́yìn Afinimọ̀nà

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Notburga Lanser fi kó àwọn àlejò gun òkè ní Oberried, ìlú wa kékeré láàrin àwọn òkè. Burgl ni gbogbo ìlú ń pè é. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí ó bá sì ń rìn, èjìká rẹ̀ kì í mì. Àwọn àlejò máa ń sọ pé òun ló mọ òkè jù lọ ní àfonífojì wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ òkè jù lọ ni Vitus, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ti kú, ẹni tó lè wo ìkùukùu láàárọ̀ kí ó sì sọ wákàtí tí òjò yóò dé. Ènìyàn ni Burgl mọ̀. Ó lè wo bí àwọn àjèjì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú hòtẹ́ẹ̀lì, kí ó sì mọ ẹni tí bàtà yóò bó lẹ́sẹ̀ kí ọjọ́ kejì tó pé, ẹni tó ń purọ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀, àti ẹni tó wá nítorí pé ilé rẹ̀ ti dákẹ́ jù.

Kì í ṣe òun ló wá iṣẹ́ náà lọ. Ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì ló wà fún ọdún mẹ́tàlá, tó ń bó ọ̀dùnkún, tó ń po ìyẹ̀fun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin tó máa ń kó àwọn àlejò jáde ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Bàbá tó ni hòtẹ́ẹ̀lì nígbà náà yọ orí wọ ilé ìdáná.

"Ta ló mọ ọ̀nà pápá òkè nínú yín?"

"Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n," ni Burgl dáhùn. "Ibẹ̀ la máa ń da màlúù lọ."

"Ó dáa. Ènìyàn mẹ́wàá ló wà níta. Bí o ṣe ń da màlúù ni kí o dà wọ́n. Kí o ṣáà má nà wọ́n."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìrìn màlúù tó lóyún ló bá wọn rìn lọ́jọ́ náà: ẹsẹ̀ kan, kí èémí wọlé; ẹsẹ̀ kejì, kí ó jáde. Kò sí ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, gbogbo wọn sì dé. Nígbà tó yá, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afinimọ̀nà, ó ṣe ìdánwò, ó sì gba àmì afinimọ̀nà tí wọ́n ń há mọ́ àyà. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọ ní ìrìn mìíràn tó dára ju ti màlúù lọ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí àwọn àlejò ń wá lò lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ti àwọn tó ń fi okùn gun àpáta. Ó yẹ kí èyí yé ènìyàn dáadáa. Báàgì kékeré ni kálukú ń gbé: omi, ẹ̀wù òjò, àti búrẹ́dì pẹ̀lú wàràkàṣì. Inú ọkọ̀ Alfons, tó jogún hòtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ni àpótí wọn ń gbà lọ sí ilé tí wọn yóò sùn. Bí wọ́n bá dé, kéèkì ápù ń dúró dè wọ́n lórí tábìlì. Lẹ́yìn kéèkì, wọ́n á wọ yàrá olóoru láti làágùn. Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ alẹ́ abala márùn-ún. Lójoojúmọ́, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ parí sí, Alfons á dúró pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ de ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ̀. Burgl ló ń rí i pé ojú kò ti ẹni tó bá wọ̀ ọ́. "Òkè kì í fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí," ó máa ń sọ fún wọn. "Ẹ lọ jẹ kéèkì yín kó tó tutù." Òun fúnra rẹ̀ kò wọ ọkọ̀ náà rí láti orí òkè.

Ní ti bí a ṣe ń tò lójú ọ̀nà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló tọ́. Afinimọ̀nà ló ń síwájú. Ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ ló ń tẹ̀ lé e tímọ́tímọ́, kí afinimọ̀nà lè máa gbọ́ mímí rẹ̀, kí ó sì fi ìyẹn wọn ìrìn gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn tó lágbára wà lẹ́yìn, wọn kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ló ń dá wọn dúró. A kì í sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tí a bá fi síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé afinimọ̀nà kàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ni. Ní àfonífojì kejì, wọ́n máa ń fi aláìlágbára sí ìparí pátápátá. Àṣìṣe gbáà ni. Ẹni tó wà ní ìparí á máa sáré lé àwọn tó kù, nígbà tó bá sì fi máa bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sinmi, wọ́n ti sinmi tán, wọ́n ti ń dìde.

Láti oṣù kẹfà ni orúnkún ọ̀tún Burgl ti ń wú. Dókítà kan ní ìlú Lienz wo àwòrán egungun rẹ̀, ó ní àfi kí wọ́n fi orúnkún tuntun sí i, pé lẹ́yìn náà, kò dá òun lójú pé yóò tún lè máa sọ̀ kalẹ̀ láti ibi gíga lójoojúmọ́. Burgl dúpẹ́, ó ká àwòrán náà, ó tì í sábẹ́ aṣọ òtútù nínú àpótí rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó ní ìdí. Lóṣù kẹwàá ni Alfons máa ń tẹ ìwé pélébé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn àlejò, orúkọ afinimọ̀nà a sì máa wà lára ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó yan ọ̀sẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àkọ́bí ọkùnrin ló ń jogún ilẹ̀. Vitus ló gba oko, màlúù àti ilé. Burgl kò lọ́kọ, kò bímọ. Ohun tó ní ni ọ̀nà, ọ̀nà náà ló sì sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ní ìta ṣọ́ọ̀ṣì. Bí orúkọ rẹ̀ bá kúrò nínú ìwé náà, kò mọ ohun tí yóò máa jẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí Alfons dá a dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹsàn-án, ara fu ú. Kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí láti kékeré.

"Vroni á tẹ̀ lé yín lọ́sẹ̀ yìí," ni Alfons wí.

Vroni ni ọmọ Vitus, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Lọ́wọ́ Burgl ló ti kọ́ iṣẹ́, ọdún tó kọjá ló sì gba àmì tirẹ̀.

"Kí ló fẹ́ wá ṣe?"

"Kó ràn ẹ́ lọ́wọ́."

"Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n. Mo ti kó mẹ́rìndínlógún rí nínú yìnyín."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo gbé ọkọ̀ jáde láti wá yín."

"O wá, àmọ́ o ṣìnà. Èmi ni mo wá ẹ rí."

"Burgl," ni Alfons wí, ó sì ń fi aṣọ nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí, "ó ń tẹ̀ lé yín lọ."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gba inú igbó lọ sí pápá àkọ́kọ́. Burgl ló síwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ó fi Brodersen sí, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tó ti fìgbà kan rí jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ní Flensburg. Kápútẹ́nì ni gbogbo wọn ń pè é. Ọdún kejìlá rẹ̀ rèé lọ́dọ̀ wa. Mọ́kànlá àkọ́kọ́, òun àti Gerda ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ ń wá. Oògùn ọkàn wà nínú àpò àyà rẹ̀, Burgl sì mọ̀.

Níbi tí ọ̀nà bá ti ga díẹ̀, Burgl á dúró, á nawọ́ ọ̀pá sí òdòdó kan. Àwọn àlejò á yí i ká. Òun á gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ òsì, á sọ̀rọ̀ nípa gbòǹgbò, nípa oyin, nípa ọtí tí wọ́n ń fi pọn, títí orúnkún náà á fi rọlẹ̀. Inú Ìyáàfin Giesecke, tó ta oògùn ní Hannover kí ó tó fẹ̀yìn tì, dùn jọjọ. Gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé kékeré kan.

"Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wá, Burgl," ó ní, "ẹ ò sọ̀rọ̀ òdòdó tó báyìí rí."

"Ọdún yìí ni wọ́n dára," ni Burgl fèsì.

Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, Vroni ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ tó ga jù nínú ọ̀sẹ̀ náà, ọjọ́ tí wọ́n ń gba Kaltjoch, àlàfo tó wà láàrin òkè méjì, sọdá sí àfonífojì kejì. Nígbà tí wọ́n jẹun àárọ̀ tán, Alfons dìde, ó fi ṣíbí lu ife. Ó ní Vroni ni yóò síwájú lónìí kí àwọn àlejò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Burgl náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé ìta, ó gba ìparí ìlà lọ, nítorí ibẹ̀ ni afinimọ̀nà kejì máa ń wà.

Vroni wẹ̀yìn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ níbí. Ẹ̀yìn mi ni kí ẹ wà."

Burgl kò mira. "Kápútẹ́nì ńkọ́?"

"Kápútẹ́nì á tẹ̀ lé yín."

"Ó mà dára o," ni Ìyáàfin Giesecke wí. "Ọmọ àti àǹtí á lè jọ máa sọ̀rọ̀."

Nínú gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀, Burgl àti Vroni nìkan ló mọ ìtumọ̀ ohun tí Vroni ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Burgl kọjá lára àwọn mẹ́fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ dúró lẹ́yìn Vroni. Ojú rẹ̀ gbóná. Ó ti fi ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún sí ibẹ̀ yẹn. Kò rò ó rí bí ó ṣe ń rí lára ẹni tó bá mọ̀. Èyí tó dùn ún jù ni ti Kápútẹ́nì. Ọmọ tí òun kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà ti wo òun àti ọkùnrin alárùn ọkàn, ó sì ti ka ọkùnrin náà sí ẹni tó sàn ju òun lọ.

Ìdajì wákàtí ni wọ́n rìn kí Burgl tó lanu.

"O lọ́ra jù."

"Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ni mo fi ń wọn ìrìn mi."

"Kò sí nǹkan tó ṣe mímí mi."

"Mímí yín dára, Àǹtí. Ọ̀pá yín ni mò ń gbọ́. Ti ọwọ́ ọ̀tún ń kanlẹ̀ ju ti òsì lọ."

Burgl gbé ọ̀pá ọ̀tún sókè díẹ̀. Ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá bẹ́ẹ̀, ó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ fi òdòdó kan náà hàn wá nígbà mẹ́ta lọ́jọ́ Ajé."

"Òdòdó tó rẹwà ni."

"Ó rẹwà. Orúkọ mẹ́ta lẹ sì pè é."

"Méjì ni," ni Burgl wí.

"Ẹ bi Ìyáàfin Giesecke. Ó kọ wọ́n sílẹ̀."

Wọ́n rìn díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn wọn, Kápútẹ́nì ń sọ fún ẹnì kan bí ìgbì ṣe gbé mọ́tò ńlá kan jù láti orí ọkọ̀ sínú òkun lójú rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni, Vroni?"

"Ta ló mọ̀ nínú wọn? Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé a kì í sọ fún ẹni tí a bá fi síbẹ̀."

"Ìwọ ṣáà sọ fún mi."

"Ẹ̀yin lẹ bi mí."

Burgl bẹ̀rẹ̀ sí wá ibi tí Vroni yóò ti ṣàṣìṣe. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni kò fi rí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà yìí, ó wá tẹjú mọ́ ẹ̀yìn náà bí ẹni tó ń máàkì ìwé. Ní ibi odò kékeré, Vroni kò wẹ̀yìn kí ó tó fo òkúta kẹta. Ó rí ọ̀kan. Ó ṣọ́ ọ títí dé ibi tí koríko parí sí, kò rí ìkejì, èyí sì tún bí i nínú sí i. Ṣùgbọ́n orúnkún náà kò dùn ún. Ìrìn yẹn bá a mu rẹ́gí, bí ìgbà tí ẹnì kan di apá ènìyàn mú tí kò sì jẹ́ kí ó hàn.

Wọ́n dé Kaltjoch ní agogo mọ́kànlá kọjá. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe lókè, Vroni sì ní láti bọ Burgl náà lọ́wọ́. 

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Òkúta lórí òkúta ni ibẹ̀, orúnkún Burgl sì ń gba gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó payín keke, ó ń fara dà á. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ Kápútẹ́nì dín kù, ó dúró, kò sì sí ohun mìíràn mọ́ àfi mímí, kúkúrú, kúkúrú. Burgl gbọ́ ọ kí Vroni tó gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n fi dé pápá tí ọkọ̀ Alfons ti ń dúró, ètè ọkùnrin náà ti ṣú, ó sì jókòó sí etí ọpọ́n omi tí màlúù ń mu bí ẹni tí wọ́n gbé kalẹ̀ síbẹ̀.

Wákàtí méjì ló kù fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n sì tún ní gegele kan láti gùn.

"Kápútẹ́nì, ẹ wọ ọkọ̀," ni Vroni wí.

"Rárá o."

"Òkè kì í fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì húkọ́. "Ọdún mọ́kànlá ni àǹtí ẹ fi sọ ìyẹn fún mi. Lọ sọ ọ́ fún àwọn tí bàtà bó lẹ́sẹ̀."

"Ètè yín ti ṣú."

"Òtútù ni. Gerda kò wọ ọkọ̀ yẹn rí. Lọ́dún tó lò kẹ́yìn láyé, pẹ̀lú gbogbo àìsàn tó wà lára ẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ìdí kéèkì. Mi ò ní wọ̀ ọ́." Ó fi ọ̀pá gúnlẹ̀ láti dìde, kò sì lè dìde. Ó ṣe bí ẹni tó kàn fẹ́ yí ọ̀pá padà lọ́wọ́.

Àwọn àlejò yòókù ń wo ibòmíràn. Vroni àti Burgl wo ojú ara wọn. Alfons ti jáde nínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, ó ń wò wọ́n.

Burgl mọ irú ọkùnrin yìí. Ọ̀rọ̀ kò ní gbé e, bí wọ́n bá sì fi agbára mú un, kò ní wá mọ́ láé. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó rìn, ó lè má dé. Ohun kan ló kù tí kò tíì gbọ́. Burgl wo Alfons lẹ́ẹ̀kan. Ó lọ jókòó ti Kápútẹ́nì, ó tẹ̀ ba, ó sì ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún sókè kọjá orúnkún. Orúnkún náà wú bí odindi búrẹ́dì, ó pọ́n, ó ń dán.

"Ọlọ́run mi," ni Ìyáàfin Giesecke wí jẹ́jẹ́.

"Èmi náà ò wọ̀ ọ́ rí, Kápútẹ́nì," ni Burgl wí. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Òní ni mò ń wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo wọ̀ ọ́, Alfons á fi mí ṣẹ̀sín títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ wá jókòó sáàrin wa."

Ọkùnrin náà wo orúnkún náà pẹ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù kẹfà."

"O sì ń rìn káàkiri pẹ̀lú ẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ń rìn."

"O ò gbọ́n, Burgl."

"Èmi àtẹ̀yin ni. Ẹ nawọ́."

Ó nawọ́. Vroni gbá a mú lápá kan, Burgl lápá kejì, Alfons sì ṣí ilẹ̀kùn.

Kí wọ́n tó wọ inú igbó, Kápútẹ́nì ti sùn, orí rẹ̀ ń lu gíláàsì. Burgl ń gbọ́ mímí rẹ̀. Ó ti ń padà bọ̀ sípò. Alfons ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin.

"Mo ti mọ̀ láti oṣù keje," ó sọ níkẹyìn.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ̀yìn lo fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé mi, bí ẹni tó wà lórí àkàsọ̀. Gbogbo ilé ìdáná ló mọ̀."

"O ò sọ̀rọ̀."

"Tí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo lé ẹ nìyẹn. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó lé ẹ. Mo wá ní kí Vroni tẹ̀ lé yín, kó má bàá sí ewu."

Burgl wo ojú fèrèsé. Igi ń kọjá kíákíá. Ọ̀nà tó máa ń gbà á ní wákàtí kan ti parí.

"Kọ orúkọ Vroni sí Kaltjoch," ó ní. "Sí gbogbo ọ̀sẹ̀ tó bá ga."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Àwọn kan máa ń kọ̀wé sí mi," ni Alfons wí. "Àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ tí kò ní kọjá pápá, wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ń yára jù fún àwọn."

"Má fi àánú dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi."

"Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n lọ́dún yìí nìkan. Mo kọ̀wé padà sí gbogbo wọn pé a kì í ṣe irú ẹ̀."

Burgl yí ojú kúrò lójú fèrèsé. Ó béèrè: "Mẹ́rìnlélógún?"

"Àwọn tó kọ̀wé nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ìlú náà ní kí Kápútẹ́nì sinmi títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí itan rẹ̀, ó ń ráhùn nípa kọfí. Burgl jókòó ti í, ó gbé ẹsẹ̀ lé àga, ó sì fi yìnyín sí orúnkún. Ó ti bá Vroni sọ̀rọ̀ nípa odò kékeré yẹn kí wọ́n tó jáde láàárọ̀, pé ó gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn kí ó tó fo òkúta kẹta, nígbà gbogbo. Vroni ní òun gbọ́. Wọ́n ti lọ báyìí, òun àti àlejò márùn-ún, wọn kò sì hàn mọ́ lójú ọ̀nà.

Ó yọ fóònù, ó pe ilé ìwòsàn ní Lienz nípa orúnkún tuntun náà. Obìnrin tó gbé e béèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó ní àyè wà lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé tirẹ̀.

"Mi ò ráyè lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀," ni Burgl wí. "Lọ́jọ́ yẹn ni màlúù ń sọ̀ kalẹ̀ láti pápá. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mìíràn."

"Ìyáàfin, pẹ̀lú orúnkún yín, ṣé ẹ̀yin lẹ máa dà wọ́n ni?"

"Màá jókòó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kà wọ́n bí wọ́n bá ń wọlé."

"Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?"

Burgl rò ó. Kápútẹ́nì ti dáwọ́ ìráhùn dúró, ó ń wò ó.

"Ọjọ́bọ̀ dáa," ó ní. "Agogo mélòó?"